Jẹ́sì Gólì Tí Àbúrò Yín Gbà Lọ́wọ́ Mi

Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní jókòó, ẹ má wulẹ̀ fún mi ní àga, ẹjọ́ tí mo gbé wá kì í ṣe ẹjọ́ ìjókòó, àbúrò yín ni mo wá fẹjọ́ rẹ̀ sùn, àbúrò yín kan ṣoṣo tí gbogbo ayé ń pè ní Ọlọ́wọ́-gọ́ọ̀mù nígbà tó ń ṣe gólì fún orílẹ̀-èdè yìí, ó ti gba jẹ́sì mi, ó wọ̀ ọ́ sọ́rùn níṣojú mi, mo sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀! Èmi! Èmi tí mo ṣe akọ̀wé kóòtù títí mo fi fẹ̀yìn tì, tí mo ti rí olè lóríṣiríṣi, mi ò rí olè tí ẹni tó jà lólè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ẹ gbà mí o!

Kí n jókòó kí n má baà ṣubú? Ó dáa, mo ti jókòó. Ẹ máa rán aṣọ yín lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé inú mi ti rọ̀. Ìdí mi ló jókòó, inú mi ṣì wà lórí ìdúró.

Àbí ẹ ò mọ̀ mí ni? Èmi ni mò ń kó jẹ́sì àtijọ́ ti ikọ̀ orílẹ̀-èdè jọ. Hẹn, òun náà ni. Ìyàwó mi ló ń sọ ọ́ kiri, ó ní mo ti kó àwọn ayálégbé tí kì í gbálẹ̀ kún yàrá àlejò. Mo gbé wọn kọ́ lẹ́sẹẹsẹ, Ẹ̀gbọ́n, bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ń fi òwú tó nípọn rán an, tó jẹ́ pé bí òjò bá rọ̀ sí i, agbábọ́ọ̀lù á máa gbé ara rẹ̀ àti kànga kan sáré, dé ìgbà tí wọ́n fi kọ́là ńlá sí i bí ti ọ̀gá báńkì, dé ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ ọlọ́ràá ṣe é, tó ń dán, tí ẹni tó wọ̀ ọ́ ò gbọdọ̀ sún mọ́ iná. Gbogbo ìtàn orílẹ̀-èdè yìí ló wà lára hángà. Ọdún tí nǹkan rọ̀ṣọ̀mù, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń rán àmì tó wà láyà. Ọdún tí nǹkan le, wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kí wọ́n tó kọ orin orílẹ̀-èdè tán.

Ṣùgbọ́n jẹ́sì gólì ti ìgbà àbúrò yín, ẹ ò lè rí i. Ìdí ni pé bí wọ́n bá ti gbá bọ́ọ̀lù tán báyìí, ọkùnrin tó ń tọ́jú aṣọ á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìmúra tòun tàpò, á máa gbà á lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tún fún ẹlòmíì wọ̀. Odindi orílẹ̀-èdè! Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tí mo lọ bá ẹni tó ń ta àlòkù lẹ́yìn kóòtù, tí mo rí aṣọ tó fi wé agogo ara ògiri kan, mo dúró síbẹ̀. Aláwọ̀ eérú, kọ́là dúdú, nọ́ńbà ọ̀kan tí wọ́n fọwọ́ rán, tó tẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó fara ti ògiri, àti lẹ́ẹ̀ dúdú nígùn-únpá òsì. Mo ra agogo náà, mi ò dúnàá-dúrà, kó má baà wo ojú mi. Agogo ò ṣiṣẹ́, kò sì ṣiṣẹ́ dòní. Mi ò bá a jà.

Mo délé, mo gbé ìwé ìròyìn àtijọ́ jáde, èyí tí àbúrò yín ti wà lófuurufú bí ẹni tí wọ́n jù dànù, mo wo ìgùn-únpá òsì rẹ̀. Lẹ́ẹ̀ dúdú! Òun gan-an ni! Ni mo bá ṣe bí ọmọlúàbí. Mo wọṣọ òde, mo ká jẹ́sì sínú ọ̀rá funfun, mo gbé e lọ bá a nílé pé kó bá mi buwọ́ lù ú. Ìyẹn nìkan ni mo bá lọ o.

Ó gbà á. Ó wò ó. Ó gbé e símú, Ẹ̀gbọ́n, ó gbóòórùn rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ọbẹ̀ ti kan. Ó ní, “Ìwọ rèé.” Kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó wọ yàrá lọ. Mo yọ bírò, mo ṣí ìdérí rẹ̀, mo dì í mú dè é, mo rò pé awò ojú ló lọ mú. Ó jáde, ó ti wọ̀ ọ́! Jẹ́sì dé ìdodo, ó ní òun ò lọ mọ́, ikùn àbúrò yín sì jáde síta láti wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ bá mi rí i. Ṣé ẹ máa mu omi?” Mo mu omi. Kí ni ǹ bá ṣe? Ó sìn mí dé géètì, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ẹnu tèmi yìí ló sì sọ pé, “Ẹ ṣeun, sà.” Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ délé tán kí n tó mọ̀ pé wọ́n ti jà mí lólè.

Ẹ ní tirẹ̀ ni? Mo mọ̀ pé tirẹ̀ ni! Ṣebí ohun tó gbé mi débẹ̀ nìyẹn! Kí n gbé e lọ sí kóòtù? Ẹ̀gbọ́n, èmi mọ kóòtù. Ohun àkọ́kọ́ tí adájọ́ máa bi í ni báwo ló ṣe gbé e kọjá lára ọkùnrin alápò tó ń gba jẹ́sì nígbà yẹn. Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì lé e ni, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, ó tún ń rẹ́rìn-ín. A jẹ́ pé àjọ bọ́ọ̀lù ló ni ín nìyẹn, wọ́n á wá gbà á lọ́wọ́ àwa méjèèjì, wọ́n á sì máa fi nu tábìlì.

Ká ní ó gbé e kọ́ ni, ẹ ò bá tí gbóhùn mi. Ó ń wọ̀ ọ́! Ó ń wọ̀ ọ́ bí aṣọ! Mo ń nasẹ̀ lọ jẹ́jẹ́ mi lọ́jọ́ kejì, ó kàn jẹ́ pé iwájú ilé rẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi gbà, ó wọ̀ ọ́, ó ń fọ mọ́tò. Mo tún nasẹ̀ lọ, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ń gbin tòmátì. Mo tún nasẹ̀ lọ, ó gun àkàbà, ó ń kó ewé kúrò létí òrùlé, ó sì ń kọrin. Mo sáré wọlé, mo di àkàbà mú. Kì í ṣe torí tirẹ̀ o, ẹ jọ̀ọ́. Gólì ni, bó bá ṣubú, apá òsì ló máa fi balẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni lẹ́ẹ̀ wà. Ó wo ìsàlẹ̀, ó ní èèyàn dáadáa ni mí. Mo ní kò tọ́pẹ́.

Ó wá fọ̀ ọ́. Ó fọ̀ ọ́, Ẹ̀gbọ́n! Ó da ọṣẹ oníyẹ̀fun lé e lórí, ó fún un bí ìgbà tí wọ́n ń jà, ó sá a sóòrùn ọ̀sán gangan, ó fi ike tí wọ́n fi ń há aṣọ mọ́ okùn mú un léjìká méjèèjì. Mo dúró lára ọgbà, mò ń wò ó bí ẹni tó wá kí aláìsàn tí wọn ò jẹ́ kó wọlé. Àwọ̀ eérú yẹn, bó bá fi lè ṣí, ta ló máa bá mi pa á láró padà? Ta ni?

Mo bi í pé, báwo ni jẹ́sì yìí ṣe sọ nù nígbà yẹn ná? Ó ní inú àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lòun máa ń fi í sí bí ilẹ̀ bá mọ́, ó ní lẹ́yìn ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ òun wọlé, nígbà tí eré kù díẹ̀ kó parí, ló pòórá. Ó ní gólì kejì, ẹni tó máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ìlara ló mú kó wá jí i. Wọn ò kíra wọn láti ìgbà náà. Dókítà eléyín kan náà ni wọ́n ń lọ bá, bí wọ́n bá pàdé níbẹ̀, ọ̀kan á kọjú sí ògiri, èkejì á kọjú sí fèrèsé. Mo ní, ta ló tún wà nílé nígbà yẹn? Ó ní kò sẹ́nì kankan, àfi ẹ̀gbọ́n òun.

Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀?

Mi ò sọ nǹkan kan o. Akọ̀wé ni mí, mi ò dájọ́ rí, ohun tí ẹlẹ́rìí bá sọ ni mò ń kọ, èyí tí ò bá sì sọ̀rọ̀, mo máa ń kọ ọ́ pé kò sọ̀rọ̀. Ẹ ní kí ni? Ẹ gbóhùn sókè díẹ̀. Ẹ̀yin? Ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbé e fún oní-àlòkù? Yéè!

Hẹn. Nígbà yẹn, ó ń wọ̀ ọ́ sùn. Hẹn-ẹn. Kì í jẹun, kì í jáde, ó kàn ń jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, á la ẹsẹ̀, á tún pa á dé, á la ẹsẹ̀, á tún pa á dé. Àwọn èèyàn sì ń bú u lójú títì. Ẹ̀yin náà wá rò ó pé bí aṣọ yẹn bá kúrò nílé, ó lè kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Ó jẹun níkẹyìn?

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó dáa. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sunkún, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo ni ẹ̀dùn ọkàn tí mo gbé wá, ẹ má gbà á lọ́wọ́ mi bí àbúrò yín ṣe gba jẹ́sì. Ṣebí mo ti sọ fún yín pé ó ń kọrin lórí àkàbà? Orin náà ò dáa. Ṣùgbọ́n ó ń kọ ọ́.

Kí n má sọ fún un? Ti gólì kejì, ẹ̀yin lẹ máa fẹnu ara yín tún ìyẹn ṣe, ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́, eyín àwọn méjèèjì ò ní pẹ́ tán. Èmi ò ní sọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo fẹ́. Mi ò ní kó dá a padà. Kó máa wọ̀ ọ́, kó wọ̀ ọ́ gun igi bó bá wù ú. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀ ọ́ mọ́ láé, Ọlọ́run ń gbọ́ mi! Èmi ni n ó máa fọ̀ ọ́. Omi tútù, ọṣẹ ọmọ ìkókó, mi ò ní fún un, inú ilé ni n ó tẹ́ ẹ sí lórí táwẹ̀lì. Sátidé sí Sátidé, n ó wá gbà á, n ó sì dá a padà. Ẹ pè é lórí fóònù. Báyìí báyìí, níwájú mi.

Ó gbé e? Ẹ sọ fún un. Kí ló wí? Ó ní kí n máa kó àwọn aṣọ rẹ̀ yòókù mọ́ ọn?

Ẹ sọ fún un pé mo gbà. Ṣẹ́ẹ̀tì, ìbọ̀sẹ̀, aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì, kó kó o wá. Ṣùgbọ́n ẹ là á yé e, Ẹ̀gbọ́n, kó gbọ́ ọ ketekete: mi ò ní fọ pátá.