Ìsinmi Létí Òkun

Nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ láti Balbriggan sí àárín Dublin ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́nu obìnrin kan tó jókòó ti ìyá àgbàlagbà kan níwájú mi.

"Mà, ọkọ mi ló háyà kámpà, ọkọ̀ tó ní bẹ́ẹ̀dì àti sítóòfù nínú. Ó ní ká kó àwọn ọmọ lọ síbi tí wọ́n ń pàgọ́ sí létí òkun, kí n lè sinmi. Ọjọ́ kẹta rèé, èmi ni mò ń dáná, èmi ni mò ń fọ abọ́, èmi náà ni mò ń gbá yanrìn. Òun ń gbá bọ́ọ̀lù."

"Inú àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ó dùn?"

"Wọ́n ní 'it's grand, Mammy!' Mà, mo fi kíṣìnì gidi sílẹ̀ nílé, mo wá ń ṣọmọ ọ̀dọ̀ nínú kíṣìnì tí mi ò ti lè yí ìdí!"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, àfi bí mo ṣe rí i tó ń nu ojú.

"Ṣé o sọ fún un pé ò ń lọ?"

"Mo ní mo fẹ́ na ẹsẹ̀ létí omi ni. Ẹsẹ̀ ló gbé mi dé ibùdókọ̀."

Fóònù rẹ̀ dún. Ohùn ọkùnrin ké jáde: "Níbo lo wà? Ebi ń pa wá o!"

Ìyá àgbàlagbà náà gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọmọ mi, o kú ìsinmi o. Ìyàwó ẹ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ni."

Ó pa á. Ká tó dé ibùdókọ̀ tó tẹ̀ lé e, obìnrin náà ti sùn lọ fọnfọn.