Etí Tí Mi Ò Kàn Lábẹ́ Mọ́tò Màmá Beatrice

Alága wa, Bàbá Gbádégẹṣin, olórí àwa oníṣẹ́ irin mọ́tò ní Okokomaiko, ẹ̀yin àgbà, ọ̀gá mi Alájì Ràsákì, Màmá Beatrice, tí mọ́tò wọn wà lẹ́nu géètì yẹn, àti Saheed, ọkọ mi, tó ń rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí mo ti dìde: mo kí yín o níbi ìdásílẹ̀ mi lẹ́nu iṣẹ́ yìí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí wọ́n so yìgì wa, mi ò tíì lè rìn kí n má fò. Bí mo bá ń sáré sọ̀rọ̀, ẹ foríjì mí, ayọ̀ ló ń lé mi. Lọ́la ni mo ń kó lọ sí Ọ̀tọ̀-Àwórì, sílé ọkọ mi, sí ṣọ́ọ̀bù tí èmi náà fẹ́ ṣí.

Ọdún márùn-ún sẹ́yìn, mo parí ìwé mẹ́wàá, mo ní iṣẹ́ irin ni mo fẹ́ kọ́. Ta ni kò fi mí ṣẹ̀sín? Ọ̀gá mi nìkan ló na òòlù sí mi, wọ́n ní, "Gbé e wò, bóyá ó wúwo." Mo ní kò wúwo. Muheez tí a jọ kọ́ṣẹ́, o ṣé tí o máa ń fi oúnjẹ pamọ́ fún mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o máa ń jẹ ẹ́ kí n tó dé.

Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ kan wà lọ́rùn mi. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì ni Màmá Beatrice. Wọ́n gbé mọ́tò àtijọ́ yìí wá, èyí tó jẹ́ ilé, tó ní ibùsùn àti sítóòfù, tí wọ́n fi ń gbé oògùn lọ fún àwọn aláboyún ní abúlé etí omi. Ilẹ̀ àpótí ńlá tí wọ́n ń kẹ́rù sí lábẹ́ rẹ̀ ti dógùn-ún. Ọ̀gá mi ní kí n gé e, kí n jó irin tuntun sí i. Ẹ mọ òfin wọn: fi òòlù kàn án yíká, kí o tẹ́tí. Ibi tó bá dún bí páálí, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ nìyẹn. Gé e títí dé ibi tó dún bí agogo.

Mo gé àárín. Etí tó kù wà lábẹ́ táńkì omi, èèyàn gbọ́dọ̀ tú táńkì kó tó dé ibẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an sì ni àwọn ará ilé Saheed ń bọ̀ wá tọrọ mi. Ọkàn mi ti délé kí ẹsẹ̀ mi tó gbéra. Mo fi bọ́dì fílà, àtè tí a fi ń dí ihò ara mọ́tò, dí i, mo kun ọ̀dà dúdú lé e, ó ń dán. Ọ̀gá mi bi mí pé, "Àsíátù, ṣé o kàn án yíká?" Mo ní, "Mo kàn án, sà."

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, lọ́nà Ìbà, ilẹ̀ àpótí náà já, jẹnẹrétọ̀ àti páálí oògùn bọ́ sójú títì. Ọlọ́run ló yọ ọlọ́kadà tó wà lẹ́yìn. Màmá fi ìbínú wá síbí. Kí n tó lanu, ọ̀gá mi ní, "Màmá, ọwọ́ mi ni. Ẹ má bínú."

Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ ti ń sọ pé ojú Ràsákì ti ń ṣe bàìbàì, kí wọ́n lọ jókòó sílé. Oníbàárà ń kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn. Mo ń gbọ́, mo dákẹ́. Kí ló dé? Ẹ̀rù ń bà mí pé wọn ò ní dá mi sílẹ̀ mọ́, pé àwọn àna mi á ní òpùrọ́ lọmọ wọn fẹ́.

Ẹ gbọ́ o: ojú ọ̀gá mi mọ́ kedere. Ọwọ́ mi ni. Lọ́jọ́ tí Màmá fi ìbínú wá yẹn, tàwọn ti ìbàdí tó ń dùn wọ́n, ọ̀gá mi wọ abẹ́ mọ́tò, wọ́n tú táńkì, wọ́n gé etí náà, wọ́n jó o. Èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú. Wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n kàn gbé òòlù fún mi, wọ́n ní, "Kàn án." Ó dún bí agogo. Omi bọ́ lójú mi, mo ní èéfín ni.

Àárọ̀ yìí ni mo sọ ọ́ fún Saheed. Ó ní kí n sọ ọ́ fún yín kí oúnjẹ tó jáde, torí ẹni tó bá ti yó kì í gbọ́ràn. Màmá Beatrice, ẹ dárí jì mí.

Ọlọ́run á jẹ́ kí àpótí ẹrù yín gbé ohun tí ẹ bá kó sínú rẹ̀. Oníbàárà á kún iwájú ilé yìí padà. Ìgbéyàwó wa, kò ní sí ibi tí a ó fi ọ̀dà bò nínú rẹ̀.

Ọ̀gá, òòlù tí ẹ ní kí n mú lọ wà lórí tábìlì. Mi ò lè fúnra mi mú un. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ kó jẹ́ tèmi, ẹ nà án sí mi bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Wọ́n ti dìde. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀gá mi ti dìde.

Kò wúwo, sà. Kò wúwo rárá. Ẹ ṣé o.