Ìkòkò Àlùwàlá Mbah Painem

Ẹ̀fọn mílíọ̀nù mẹ́rìndínlógún ni mo fi ọwọ́ ara mi pa lọ́dún yìí, mo sì dá ojú gbogbo wọn mọ̀. Bí ẹ̀fọn kan bá ń bọ̀ láti ìlú Surabaya, tó fẹ́ gba àdúgbò wa kọjá, yóò kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò béèrè bóyá Kasmadi wà nílé. Bí wọ́n bá ní mo wà, yóò yà gba ẹ̀yìn odò lọ. Ohun tí mo sọ lórí gbohùngbohùn nípàdé ẹgbẹ́ àdúgbò nìyẹn, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ tún pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin ará àdúgbò Kenanga, irọ́ ni. N kò pa ju mẹ́rin lọ, ọ̀kan nínú wọn sì ti kú sínú kọfí mi kí n tó débẹ̀. Ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Wonogiri ni mo ti ń kọ ìwé yìí, torí n kò lè gbé ohun tó wà nínú mi mọ́. Ohun tí ẹ mú mi fún kéré. Èyí tí ẹ kò tíì mọ̀ ni mo fẹ́ jẹ́wọ́, mo sì ń bẹ Pak Darsono, alága wa, kó kà á sókè kí ọjọ́ Àìkú tó pé, torí ọjọ́ náà ni mo gbọ́ pé Mbah Painem, ìyá àgbà wa, yóò kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Lampung, tí kò ní padà mọ́.

Ẹ rántí bí mo ṣe di olùyẹ̀wò omi. Ní oṣù Kìíní, Pak Darsono ní ẹgbẹ́ ń wá ẹni tí yóò yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ọdún kan gbáko, tí yóò máa wọ ilé kọ̀ọ̀kan ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tí yóò máa tan tọ́ọ̀ṣì sínú omi ìwẹ̀, omi abẹ́ òdòdó àti omi ẹyẹ, kó wò ó bóyá tanwíjí, ọmọ ẹ̀fọn, wà níbẹ̀. Bí omi bá mọ́, kó fa ìlà kan sórí káàdì tí ẹgbẹ́ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Gbogbo ọkùnrin tó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn. Èmi tí n kò lè wà níbi tí gbogbo ènìyàn ti dákẹ́ kí n má sọ̀rọ̀, mo dìde, mo ní ojú mi mú débi pé mo lè ka ẹyin ẹ̀fọn láti orí òrùlé. Ìyàwó Pak Darsono ní kí n kọ́kọ́ bá wọn rí àgùntàn tó sọnù láti ọdún tó kọjá. Bí mo ṣe gba tọ́ọ̀ṣì nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, mo ṣe é bí ẹni tí wọ́n fi jọba. Mo tan tọ́ọ̀ṣì títí bátìrì fi ń bẹ̀ mí. Ilé mẹ́tàlélógójì, n kò fo ọ̀kan. Ní ọ̀sẹ̀ keje, òjò rọ̀ débi pé ẹja ń kí mi lójú títì, ọ̀lẹ sì gbá mi mú. Mo wo káàdì tó wà nílé àkọ́kọ́, mo rí i pé àpótí méjìléláàádọ́ta ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, ọ̀kan fún Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo bi ara mi pé kí ló dé tí ènìyàn yóò fi máa padà wá fa ìlà kan ní ìgbà gbogbo, nígbà tó lè fa gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fa ìlà, mo fa ìlà, mo fa á nílé kọ̀ọ̀kan títí dé Jímọ̀ tó kẹ́yìn nínú oṣù Kejìlá. Oṣù Kejì la wà. Mo ti jẹ́rìí pé kò sí tanwíjí nínú omi òjò tí Ọlọ́run kò tíì rọ̀. Ta ló sì ń ka káàdì nínú balùwẹ̀? Láti ìgbà náà, bí Jímọ̀ bá pé, n ó dúró lójú ọ̀nà, n ó kígbe béèrè omi, wọn ó ní ó wà dáadáa, inú wọn a sì dùn pé ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ mi kò wọlé.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kíyè sí i. Mbah Painem ni, ìyá àgbà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálásí kékeré. Ìkòkò àlùwàlá rẹ̀ wà níwájú ilé, ìkòkò amọ̀ ńlá tó ní ojú ihò tí omi ń gbà jáde lára, tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ẹni tó bá ń lọ kírun yóò dúró níbẹ̀, yóò fọ ojú, yóò fọ ẹsẹ̀. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni ìyá náà ń fi èèpo àgbọn ha inú rẹ̀. Ní Jímọ̀ kan mo kígbe béèrè omi lọ́wọ́ rẹ̀ láti ojú ọ̀nà. Ó yọjú, ó ní, "Kas, o kò wọlé mọ́. Àbí àwọn tanwíjí ti ń kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí ọ nílé?" Àwọn ọkùnrin tó ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́ bú sẹ́rìn-ín. Mo ní òórùn wọn ni mo ń gbọ́ láti ọ̀ọ́kán. Ó ní, "Ó dáa. Lọ gbọ́ ti ẹ̀yìn ilé tìrẹ ná." Ẹ̀rín yẹn tẹ̀ lé mi délé. Èmi tí mo ń fi gbogbo ayé ṣe yẹ̀yẹ́, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbà á nígbà tó bá kàn mí. Mo dì í sínú.

Ní oṣù Kẹjọ, Ningrum, aránṣọ tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi, dùbúlẹ̀. A rò pé ibà lásán ni. Ní ọjọ́ kẹrin, imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, Jumari ọkọ rẹ̀ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n ní ibà ẹlẹ́jẹ̀ ni, èyí tí ẹ̀fọn ń gbé kiri lójú ọ̀sán. Pak Darsono wá bá mi, ó ní nọ́ọ̀sì ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la láti wá ibi tí ẹ̀fọn náà ti jáde. Ó ní èmi ṣáà ti yẹ gbogbo omi wò. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wò mí díẹ̀, ó ní, "Ọmọ méjì ni Ningrum ní, Kas," ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Mo wọlé. Ọ̀rọ̀ Mbah ló gbé mi lọ sẹ́yìn ilé. Àgbá tí mo ń fa omi rẹ̀ fọ alùpùpù wà níbẹ̀, n kò sì wo inú rẹ̀ láti oṣù Kẹta. Omi náà dúdú fún tanwíjí. Wọ́n ń takìtì, wọ́n ń jó, wọ́n pọ̀ tó láti yan alága tiwọn. Mo fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀nà láti ibi àgbá náà dé ojú fèrèsé tí Ningrum ti máa ń ránṣọ. Ogún ìṣísẹ̀. Mo padà, mo tún un wọ̀n, bóyá ó lè gùn sí i. Ogún náà ni.

Ká ní mo da gbogbo rẹ̀ nù kí n sì jókòó jẹ́ẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ mi ìbá mọ níbẹ̀. Mo da èyí tó pọ̀ jù sí gọ́tà, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí pé bí nọ́ọ̀sì kò bá rí nǹkan kan níbì kankan, yóò máa wá a lọ ni, títí yóò fi dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn balùwẹ̀, tí yóò rí ìlà oṣù Kejìlá. Ó gbọ́dọ̀ rí i níbì kan, kó lè máa lọ sílé. Mo bu ife mẹ́ta sínú ike kan. Bí mo ṣe ń bù ú, mo ń sọ fún ara mi pé àwàdà ni, pé n kò ní gbé e dé ibì kankan. Kasmadi, ta lò ń tàn?

Nínú oòrùn ọ̀sán, nígbà tí gbogbo àdúgbò ń sùn, mo fi ike náà sábẹ́ ẹ̀wù, mo ń rìn bí ẹni tí inú ń run. Mbah Painem ń kírun lọ́wọ́, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú ilé. Mo ṣí ìdérí ìkòkò àlùwàlá rẹ̀, mo da tanwíjí mi síbẹ̀. Omi tí ẹ fi ń fọ ojú kí ẹ tó lọ dúró níwájú Ọlọ́run. Bí mo ṣe dé e tán ni ìyá náà jáde. Ó ní ṣé èmi náà fẹ́ lọ kírun ni, pé kóun tètè lọ ká aṣọ tóun sá, nítorí òjò tí yóò rọ̀ kò ní kéré. Ó fi mí ṣẹ̀fẹ̀ tán, ó wọlé, ó gbé ẹ̀gẹ́ díndín jáde nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ní, "Jẹun. O ti rù láti ọjọ́ tí ara Ningrum kò ti yá." Mo jẹ ẹ́. Mo jẹ ẹ́ tán. Mo tún lá ọwọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì tan tọ́ọ̀ṣì sínú ìkòkò náà, ó pe Pak Darsono. Gbogbo yín péjọ. Wọ́n da omi náà sílẹ̀, tanwíjí ń ta lórí iyẹ̀pẹ̀. Mbah ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá lòun fọ ọ́. Jumari, tí kò fojú kan oorun fún ọjọ́ mẹ́ta, kọjú sí mi, ó béèrè bóyá mo yẹ ìkòkò yìí wò rí. Mo lè dákẹ́ níbẹ̀. Mo lè ní n kò mọ̀. Mo la ẹnu mi, mo ní, "Ẹ̀ẹ̀mejì ni Mbah lé mi. Wọ́n ní kí n lọ gbọ́ ti ẹ̀yìn ilé mi." Ẹ̀yin tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kìíní rántí pé ó sọ bẹ́ẹ̀, ẹ mi orí. Òótọ́ kékeré yẹn ni mo fi ti irọ́ mi lẹ́yìn. Gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rò ó, kò sẹ́ni tó rántí káàdì. Ẹ̀rù bà mí síbẹ̀ pé ẹnì kan lè rántí, mo bá ní àfi ká fọ́ ìkòkò náà kó má pa ẹlòmíràn, mo sì fi ẹsẹ̀ tì í lu òkúta. Kò sẹ́ni tó rán mi. Fífọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré ìbá tó o. Mbah Painem bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa àfọ́kù sínú aṣọ rẹ̀. Ó ní, "Omi inú rẹ̀ ni wọ́n fi wẹ̀ mí lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi." Kò wo ojú mi.

Ningrum lo ọjọ́ mẹ́sàn-án nílé ìwòsàn, ó sì padà wálé, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ẹ̀ ń ya ọ̀nà mìíràn lọ sí mọ́sálásí. Ẹ ti kọ́ àwọn ọmọ yín pé kí wọ́n má gba iwájú ilé ìyá náà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ káàdì tú síta, ẹ ní ọ̀lẹ ni mí, ẹ tún ní bó ti wù kó rí, ìkòkò Mbah ni tanwíjí ti jáde. Ìyàwó Pak Darsono sọ fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù pé ìyá náà ní òun kò lè máa gbé níbi tí wọ́n ti ń wo òun bí apànìyàn. Tanwíjí mi ni. Àgbá mi ni, ó ṣì wà lẹ́yìn ilé, ẹ lọ wò ó. Mbah, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ńtì ilé ẹ̀gbọ́n mi. Bí ọkàn yín kò bá gbà láti dárí jì mí, ẹ má dárí jì mí, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó ẹrù yín. Èmi ló yẹ kó jìnnà sí Kenanga. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ó gba tọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn mi, ọjọ́ tí iṣẹ́ náà bá sú yín, ẹ sọ fún alága pé ó sú yín. Ohun tó le jù tí wọ́n lè ṣe ni pé wọn ó fi yín ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó ku bí mo ṣe sá, torí mo gbọ́ pé ẹ ń sọ pé mo fò kọjá odò. N kò fò. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ọ̀rọ̀ mi lórí gbohùngbohùn ni, mo sì ti fi kún un pé ẹ̀fọn kan péré ló bọ́ lọ́wọ́ mi, pé gbogbo wa mọ ilé tó ti jáde. Àtẹ́wọ́ kò tíì tán nígbà tí Mbah Painem wọlé, òun tí kò wá sípàdé láti oṣù kan. Káàdì rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti já a kúrò lára ilẹ̀kùn. Ó na án sí Pak Darsono, ó ní, "Ẹ bá mi kà á, ojú mi ti di bàìbàì. Kas ní mo lé òun. Mo fẹ́ mọ ọjọ́ tí mo lé e." Pak Darsono kà á. Ó ní Jímọ̀ tó kọjá, omi mọ́. Jímọ̀ tó ń bọ̀, omi mọ́. Ó kà á lọ dé oṣù Kọkànlá, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Kas, oṣù wo la wà?" Oṣù Kẹsàn-án la wà. Jumari dìde lórí ẹní. Mo wá àwàdà kan láti ṣe, n kò rí ọ̀kan. Mo gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, mo fo odi ilé ìdáná, mo ń sá láìwọ bàtà lórí òkúta wẹ́wẹ́, kò sì sẹ́ni tó lé mi. Ohùn kan ṣoṣo ló tẹ̀ lé mi, ti Mbah Painem, láti ẹnu ọ̀nà ibi tí gbogbo wa bọ́ sálúbàtà sí. Ó ní, "Kas, bàtà rẹ." Mo gbọ́ ọ, mo sì ń sá lọ.