Ẹ Ti Gbàdúrà sí Mọ́tò Tí A Kò Tíì Yẹ Abẹ́ Rẹ̀ Wò

Olóyè Adéyẹyè, alága wa, mo kí yín. Pásítọ̀ Olúyẹmí àti Alfa Bàdírù, tí ẹ jókòó ti ara yín bíi pé ẹ ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ sọ, mo kí ẹ̀yin náà. Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì àdúgbò Adébáyọ̀, ẹ̀yin tí ẹ wá láti Ìyìn, ẹ̀yin ìyá tí ẹ gba Ọjà Ọba kọjá kí ẹ tó débí, ẹ kú ìjókòó. Ìyá Dùnmínínú, aya mi, tí o lọ jókòó sọ́wọ́ ẹ̀yìn kí ojú wa má baà ṣe mẹ́rin, mo rí ọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo yín pátá ni mo kí.

Wọ́n ní kí n wá dágbére. Òfin ẹgbẹ́ wa ni pé ẹni tó bá ti pé ọdún márùndínlọ́gọ́rin kò gbọdọ̀ ṣe olórí ìgbìmọ̀ kankan mọ́, mo sì ti pé e lóṣù tó kọjá. Inú mi ìbá dùn láti dúpẹ́, kí n jẹ ìrẹsì tí mo ti ń gbóòórùn rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé, kí n sì máa lọ sílé mi. Ṣùgbọ́n ẹ kò jẹ́ kí n lọ pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Báwo lẹ ṣe máa ní kí n gbé iṣẹ́ sílẹ̀, nígbà tí ẹ ti da iṣẹ́ náà rú mọ́ mi lọ́wọ́?

Kí ó lè yé àwọn àlejò wa, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ wa kì í fi òkú ọmọ ẹgbẹ́ sílẹ̀. Bí ẹnìkan bá kú ní Kàbbà, ní Ìlọrin, kódà ní Jọ́ọ̀sì, a ó lọ. A ó kó àga, kánópì, ìkòkò àti jẹnẹrétọ̀ tiwa dání, nítorí a kì í fẹ́ ni ọlọ́fọ̀ lára. Ibi tí a ó sùn ni wàhálà. Èmi ti sùn lórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì. Alfa Bàdírù ti sùn nínú yàrá tí wọ́n kó iṣu sí, eku ń bá a pín ìrọ̀rí. Ìdí nìyẹn tí a fi pinnu láti ra mọ́tò oníbẹ́ẹ̀dì, tòkunbọ̀, irú èyí tí àwọn òyìnbó ń gbé rìnrìn àjò, tí bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú rẹ̀, tí yóò sì lè máa fa tírélà kékeré tí a ń kó ẹrù wa sí. Ẹ wá fi mí ṣe olórí ìgbìmọ̀ tí yóò yàn án. Ta ló rán mi pé kí n gbà?

Mo mọ̀ pé mo máa ń ṣe àníyàn jù. Ìyá Dùnmínínú máa ń sọ pé bí mo bá ti ilẹ̀kùn tán, mo tún máa padà lọ bi ilẹ̀kùn léèrè bóyá ó tì. Ṣùgbọ́n nítorí àníyàn yẹn gan-an lẹ ṣe yàn mí. Olóyè, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ nínú gbọ̀ngàn yìí: "Ẹ jẹ́ kí Rẹ̀mílẹ́kún ṣe é. Bó bá rí ohun tó dára pàápàá, yóò wá àléébù kan sí i." Gbogbo yín pàtẹ́wọ́. Láti ìgbà tí mo ti jáde ìwé mẹ́wàá títí mo fi fẹ̀yìn tì, sítọ́ọ̀ ẹ̀yà mọ́tò ni mò ń ṣọ́ nílé-iṣẹ́ ìjọba tó ń la ọ̀nà. Mo fojú mi rí ohun tí wọ́n ń wọ́ padà wá sínú ọgbà wa lẹ́yìn tí bíréèkì bá ti kọ̀. N kò ní ṣàlàyé rẹ̀ níbi tí oúnjẹ wà.

Nítorí náà, mo ń yẹ mọ́tò wò. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì lèèyàn kọ́kọ́ ń wò nínú mọ́tò oníbẹ́ẹ̀dì o, òrùlé ni. Bí omi bá ti ń gba òrùlé wọlé, pákó inú ògiri á ti máa jẹrà, ẹ kò ní rí i, òórùn rẹ̀ nìkan lẹ ó máa gbọ́. Mo ń fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ inú rẹ̀ káàkiri. Mo ń wo ọdún tí wọ́n kọ sára táyà, nítorí táyà tó ti dúró sójú kan tipẹ́ lè máa dán kó sì ti gbó. Mo ń wọ abẹ́ mọ́tò pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń ro mí yìí, kí n lè rí irin tí ìkọ́ tírélà so mọ́. Ẹ̀yin wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá Kò-Dáa-Tó lẹ sọ mí. Àwọn ọmọ ọmọ mi pàápàá ti gbọ́ ọ, wọ́n sì ti ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku mọ́tò méjì tí wọ́n ń tà lójú ọ̀nà Ìyìn. Ọ̀kan funfun, ó ń dán bí àwo tuntun. Ìkejì aláwọ̀ ewé, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń bó, ojú rẹ̀ kò fani mọ́ra rárá. Mo ní kí ẹ ṣe sùúrù, pé mo máa yẹ méjèèjì wò ní Sátidé. Nígbà tí mo débẹ̀, kí ni mo bá? Akọ̀wé wa, Ọmọ́níyì, ti kó gbogbo yín débẹ̀ ṣáájú mi! Ẹ ti yí funfun ká. Pásítọ̀ ti da òróró sórí ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Alfa ti ṣàdúrà, ẹ ti ṣàmín. Ìyàwó tèmi ń jó, ó sì ti gbé ìrọ̀rí rẹ̀ láti ilé wá sórí bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Mo ní, "Ọmọ́níyì, a kò tíì yan mọ́tò."

Ó ní, "Bàbá, Ọlọ́run ti bá wa yàn án."

Mo ní, "Ṣé ẹnikẹ́ni ti wo abẹ́ rẹ̀?"

Ó ní, "Bàbá Kò-Dáa-Tó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yọ̀ díẹ̀ ná."

Mo fi aṣọ ìmúròde mi wọ abẹ́ mọ́tò. Ẹ̀yin ń kọrin lókè, èmi wà nísàlẹ̀. Irin tó di ìkọ́ tírélà mú ti dípẹtà títí ó fi lu. Wọ́n fi páànù bò ó, wọ́n kun ọ̀dà dúdú lé e. Mo wọ inú lọ, mo ká kápẹ́ẹ̀tì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, àtàǹpàkò mi sì wọ inú pákó bí ìgbà tí mo bá ń tẹ búrẹ́dì. Lọ́fínńdà tí ẹ ní ó ń ta sánsán yẹn, kí lẹ rò pé wọ́n fi ń bò mọ́lẹ̀? Mo lọ sọ́dọ̀ aláwọ̀ ewé. Ilẹ̀ inú rẹ̀ gbẹ. Irin rẹ̀ nípọn. A so tírélà wa mọ́ ọn pẹ̀lú gbogbo àga, ó fà á gun òkè, nígbà tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ tí a tẹ bíréèkì, ó dúró.

Mo wá sọ fún yín. Kí lẹ fi dá mi lóhùn? "Wọ́n ti gbàdúrà sí funfun." Bí mo bá ní bíréèkì, ẹ ó ní àdúrà. Bí mo bá ní irin ti jẹ, ẹ ó ní ṣé n kò nígbàgbọ́ ni. N kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ mọ́ nínú ilé ara mi! Ìyá Dùnmínínú ní, "Bàbá Dùnmínínú, bí ẹ kò bá lọ, èmi á lọ. Adéfúnkẹ́ ń retí wa."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ ló ti ń dùn mí. Adéfúnkẹ́, ọmọ ẹgbẹ́ wa, kò kú. Ojú rẹ̀ ló fọ́ tí ọmọ rẹ̀ fi mú un lọ sí Mínà. Èmi ni mo bẹ̀ yín pé, fún ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kí a kó àga àti ìkòkò wa lọ kí ẹni tó ṣì wà láàyè, kí ó gbọ́ ohùn wa, kí ó jẹ iyán ilé. Ṣé a wá fẹ́ kí tírélà já lórí òkè, kó di pé òkú tiwa ni wọ́n máa wá sin? Ẹ sọ fún mi bí mo ṣe fẹ́ sùn, bí mo bá ń rò pé ìyàwó mi dùbúlẹ̀ sórí pákó tó ti jẹrà.

Ẹ má rò pé ìbínú nìkan ni mo gbé wá. Alfa Bàdírù, ẹ bá mi rìn káàkiri nínú oòrùn, ẹ kì í gbàgbé omi tútù, mo dúpẹ́. Ọmọ́níyì, ìwọ rí i pé ara àwọn àgbà ti wà lọ́nà, o sì fẹ́ mú inú wọn dùn. Inú rere ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ mìíràn, jọ̀ọ́, kọ́kọ́ pe mẹ́káníìkì.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi ni Olóyè máa ní kí ẹ nawọ́, bóyá funfun, bóyá aláwọ̀ ewé. Àwọn tó gbàdúrà ni mo fẹ́ bi léèrè kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Pásítọ̀, ní Sátidé yẹn, ta lẹ̀ ń gbàdúrà fún? Ṣé irin ni, àbí àwọn tó máa wọ inú rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbé e sókè, àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́. Ẹ gbọ́ o! Ó ní èèyàn ni. Alfa ńkọ́? Òun náà ń mi orí, ó ní èèyàn ni. Ó tán! Orí yín ni àdúrà náà wà. Ẹ ó gbé e wọ inú mọ́tò yòówù tí ẹ bá wọ̀. Kò sí lára ọ̀dà funfun.

Olóyè, ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni ìbò, ṣùgbọ́n n kò lè dúró mọ́. Ẹni tó bá fara mọ́ aláwọ̀ ewé, kó nawọ́. N kò wo ẹlòmíràn. Ìyá Dùnmínínú, mo lọ gbé ìrọ̀rí rẹ kúrò nínú funfun láàárọ̀ yìí. Ó wà nínú aláwọ̀ ewé báyìí. Ibẹ̀ náà ní fèrèsé, mo ti nù ún. Má wo ilẹ̀ mọ́.

Ẹ wò ó! Ó ti nawọ́! Olóyè, ẹ ka ti ẹ̀yìn yẹn ṣáájú. Ọwọ́ mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ́níyì, ìwọ náà? Ó dáa.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ àlọ yín, kó ṣọ́ àbọ̀ yín. Kí bíréèkì mú nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Kí Adéfúnkẹ́ dá ohùn yín mọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, kó sì pè yín lórúkọ níkọ̀ọ̀kan. Kí ilé tí kálukú fi sílẹ̀ wà ní àlàáfíà títí ẹ ó fi padà. Mo ti gbé iṣẹ́ yín sílẹ̀. Ẹ ti fara da èèyàn tó le, ẹ ṣé o. Mo ti kúrò nípò o, ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ máa gbéra, kí ẹnikẹ́ni má ṣíná sí mọ́tò kí n tó wo táyà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.