Orúkọ Tí Ọlátúnbọ̀sún Dá Padà Sínú Orin

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ̀yin ará Hillbrow tí ẹ ti ṣọ́ọ̀bù yín pa nítorí rẹ̀ lónìí, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Láyọ̀, ìyàwó wa, mú ọkàn le. 

Adésànmí ni orúkọ mi. Èmi ni mo ń tẹ kíbọ́ọ̀dù lẹ́yìn Ọlátúnbọ̀sún láti ọdún tí wọ́n gbá Ife Àgbáyé ní orílẹ̀-èdè yìí títí di ìgbà tí àìsàn dá a dúró. Ẹni tó bá ń ṣeré lẹ́yìn akọrin, ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń rí. Èjìká rẹ̀ ni mo fi ń mọ ìgbà tí inú rẹ̀ dùn, òun náà ni mo fi ń mọ ìgbà tí kò dùn.

Gbogbo yín lẹ mọ orin rẹ̀. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ní ọdún 2013, ẹ ò lè wọ takisí láti Hillbrow dé Midrand kí ẹ má gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ wa tí a bí síhìn-ín, tí wọn ò lè kí ìyá àgbà wọn ní Yorùbá, wọ́n mọ̀ ọ́n kọ. "Ìfẹ́ mi, má yára, ẹsẹ̀ mi wúwo." Ṣé ẹ rántí? Ẹ jó o níbi ìgbéyàwó yín. Èmi náà jó o níbi tèmi. Mo di ìyàwó mi mú, a ń rọra mì bí ewé.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kì í ṣe Ọlátúnbọ̀sún ló kọ́kọ́ kọ orin yẹn. Magdalene tó ń ṣe irun ní Hillbrow níbí, ọmọ Iléṣà, òun ló ni ín. Ó ti kọ ọ́ ní ọdún mélòó kan ṣáájú, òun àti gìtá kan ṣoṣo, ìwọ̀nba èèyàn ló gbọ́ ọ. Johnson tó ń gbé orin wa jáde ló gbọ́ ọ, ló lọ bá a, ló bi í bóyá òun lè gbé e fún ọmọkùnrin kan kọ. Magdalene gbà. Ẹ jẹ́ kó yé yín: kò sẹ́ni tó jí nǹkan ẹnì kan.

Ṣùgbọ́n nínú orin ti Magdalene, kò sí "ìfẹ́ mi". Ohun tí obìnrin náà kọ ni, "Ẹ̀bùn, má yára, ẹsẹ̀ mi wúwo." Ọlátúnbọ̀sún bi Johnson pé ta ni Ẹ̀bùn. Johnson ní bóyá ọkùnrin kan tó fẹ́ràn rí ni. Ó ní tí orúkọ ẹnì kan bá wà nínú orin ìfẹ́, ẹlòmíràn ò ní lè fi olólùfẹ́ tirẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu létí gbogbo wa. Wọ́n yọ orúkọ kúrò, orin gbòde kan.

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n pè wá sí ìgbéyàwó kan ní Midrand. Magdalene ló ṣe irun ìyàwó, wọ́n sì ní kó dúró jẹun. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ orin yẹn báyìí, ó dìde, ó jáde. Nígbà tí a sinmi, Ọlátúnbọ̀sún bá a níbi tó fara ti ògiri ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Wọn ò tíì pàdé rí. Ọlátúnbọ̀sún rò pé orin ló wọ̀ ọ́ lára. Ó tẹrí ba, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń dúpẹ́.

Obìnrin náà wò ó títí. Ó ní, "Ọmọ mi ni Ẹ̀bùn. Ọmọ ọdún méjì ni. Ìgbà tí mo ń ti ibojì rẹ̀ bọ̀ ni orin yẹn bọ́ sí mi lẹ́nu. Mo ní kí ẹ kọ ọ́, mi ò ní kí ẹ yọ ọmọ mi kúrò nínú ẹ̀."

Ọlátúnbọ̀sún dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí táìlì, tòun ti kóòtù funfun. Magdalene kọjá lára rẹ̀, ó lọ. Èmi ni mo kọ ìyókù orin ọjọ́ náà, pẹ̀lú ohùn ewúrẹ́ mi yìí.

Bí a ṣe ń padà bọ̀, a dé ibi robot kan, iná tó ń darí ọkọ̀ lójú títì. Iná fún wa láyè, Ọlátúnbọ̀sún tó ń wa ọkọ̀ kò gbéra. Àwọn mọ́tò ń fọn fèrè lẹ́yìn wa. Ó ní, "Adésànmí, orí ibojì ọmọ ni mo ti ń kó àwọn èèyàn jó." Mo ní kò mọ̀. Ó ní òun béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òun sì yára gba èsì tó rọ òun lọ́rùn.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti rí i tí èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Ó ní kí Johnson jẹ́ kí àwọn tún orin náà kọ. Johnson kọ̀, ó ní bí aráyé ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Láyọ̀, dárí jì mí tí mo bá sọ ọ́: ìwọ náà bẹ ọkọ rẹ pé kó fi í sílẹ̀, nítorí orin yẹn ló ń gbọ́ bùkátà ilé. Kò gbà. Eish, ọkùnrin yìí lágídí. Ní Newtown, níbi tí èrò kún fọ́fọ́, ó ní ká dá ìlù dúró. Ó sọ ọ̀rọ̀ ọmọ tó ni orin náà fún wọn, ó sì kọ ọ́ pẹ̀lú orúkọ. Àwọn kan jáde. Àwọn tó ń ṣègbéyàwó ò pè wá mọ́, nítorí ta ló fẹ́ orin òkú lọ́jọ́ ayọ̀? A ní kó máa kọ ti àtijọ́ fún àwọn tó bá fẹ́ ẹ. Ó ní pẹ̀lú Ẹ̀bùn ni, àbí kí òun má kọ ọ́ rárá.

Ìgbà náà ni àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Obìnrin kan wá bá a lẹ́yìn eré, ó sọ orúkọ kan sí i létí. Òmíràn wá. Bàbá Súlù kan tó ga bí òpó iná wá, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ọlátúnbọ̀sún gba orúkọ àwọn ọmọ wọn, ó ń kọ wọ́n sínú orin. Ẹ̀bùn ló máa ń ṣíwájú.

Gbogbo wa ní ìlú yìí, Sister Mag là ń pe Magdalene. Ọlátúnbọ̀sún lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ìyá Ẹ̀bùn, ẹ kú iṣẹ́." Magdalene gbé ìyarun sílẹ̀, ó wọ inú lọ, kò jáde títí Ọlátúnbọ̀sún fi lọ. Ó tún padà lọ. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀, ó ń kí i bẹ́ẹ̀, kò sí èsì.

Nígbà tí kíndìnrín dá a dùbúlẹ̀, obìnrin náà wá sí ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀. Èmi àti Láyọ̀ wà níbẹ̀. Ọlátúnbọ̀sún ní, "Ìyá Ẹ̀bùn, ẹ forí jì mí."

Ó jókòó tì í. Ó ní, "Mi ò bínú sí ọ mọ́, àbúrò. Ṣùgbọ́n kò tíì tán lára mi, mi ò ní purọ́ fún ọ."

Ọlátúnbọ̀sún ní, "Ó tó bẹ́ẹ̀, mà."

Ìyá Ẹ̀bùn, mo rí yín níbi tí ẹ jókòó sí lẹ́yìn. A jẹ̀bi àìbéèrè. Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni, a sì tú ìjánu ọmọ yín sílẹ̀, a ń jó. Kì í ṣe òun nìkan, gbogbo wa ni. Rédíò ṣì ń kọ ọ́ bí a ṣe bà á jẹ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀la ni ọkọ̀ òfurufú máa gbé e lọ sí Ìkìrun. Àwọn kan nínú ẹbí nílé ń sọ pé orin òkú ọmọ ló pa á, pé ẹ̀yìnkùlé ni kí wọ́n gbé e gbà, kí wọ́n sì tètè sin ín. Mo bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù láàárọ̀ yìí. Àṣà ò ní jẹ́ kí màmá rí òkú ọmọ wọn, inú yàrá ni wọ́n máa wà. Màmá ní kí n sọ fún gbogbo yín pé, "Ọmọ mi ṣẹ̀, ó sì bẹ̀bẹ̀. Èmi fúnra mi ló máa gbá ojúde. Mo fẹ́ gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn tó bá gbé e láti iwájú."

Ọlátúnbọ̀sún, ọ̀rẹ́ mi, ó dàárọ̀ o. Kí ojú ọ̀run mọ́ fún ọkọ̀ tó ń gbé ọ lọ. Kí ilẹ̀ Ìkìrun fi ọwọ́ méjèèjì gbà ọ́. Bí o bá délé, má ṣe tẹrí ba, má ṣe yà sẹ́yìn. Iwájú ni kí o gbà wọlé.