Àdírẹ́sì Irọ́ Tí Mo Fún Àwọn Ará Ìjọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kọ́kọ́ bá mi dúpẹ́ kí ẹ tó bá mi wí. Dámilọ́lá, ọmọ ọmọ mi, ti pé ọdún mẹ́ta, ó ń sáré ká gbogbo fúláàtì wa ní Thamesmead, ní London níbí, bí ẹni tó ń bá ọkọ̀ díje. Bí mo bá ti ń wò ó, ẹ̀rín á gba ẹnu mi. Kò ní pẹ́, omi á tún bọ́ lójú mi. Ẹnu èmi yìí náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á!

Èèyàn ni mo ń bẹ̀rù. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi nílé ní Nàìjíríà, àlejò kan gbé e jó, ọmọ kú lọ́jọ́ kejì. Ta ni mo fẹ́ bi pé kí ló pa á? Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá rẹ́rìn-ín sí mi, mo ti fura sí i nìyẹn. Ìbẹ̀rù yẹn ni mo gbé wọ bàálù wá sí London nígbà tí Ìyábọ̀, ọmọ mi obìnrin, bímọ, tó ní kí n wá bá òun mú ọmọ dání kí òun lè máa lọ síbi iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó.

Nínú ìjọ wa ní Woolwich, wọ́n fẹ́ràn mi. Ìyẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú. Sístà Bọ́lá, nọ́ọ̀sì kan níbẹ̀, kò yé béèrè pé, "Mọ́mì, apá ibo lẹ̀ ń gbé gan-an? Ẹ jẹ́ n wá kí bébì." Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bi mí! Kí ló fẹ́ wá wò? Mo ní Woolwich Dockyard ni, mo dárúkọ ilé kan tí mo máa ń rí níbẹ̀, mo fi nọ́ńbà sí i. Lọ́jọ́ Ìsinmi, màá wọ bọ́ọ̀sì Dockyard lójú gbogbo wọn, màá sọ̀ níbùdókọ̀ kejì, màá tún wọ òmíràn padà sí Thamesmead, tòun ti ọmọ lẹ́yìn mi nínú òtútù. Ìyábọ̀ ní, "Mọ́mì, ṣé ọlọ́pàá ń wá yín ni?" Mo ní kó dákẹ́, kò mọ ayé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyábọ̀ ti lọ síbi iṣẹ́, gìrì mú ọmọ. Ojú rẹ̀ yí sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ le gbagidi. Gẹ̀ẹ́sì mi kò tó èyí tí mo lè fi pe áńbúláǹsì, ni mo bá pe nọ́ńbà tí Sístà Bọ́lá fún mi.

"Mọ́mì, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Ẹ sọ àdírẹ́sì yín, kí n pe áńbúláǹsì."

Ẹ gbà mí o! Ti Dockyard ni mo tún sọ! Ó ti mọ́ ẹnu mi lára. Ó gbé fóònù sílẹ̀, áńbúláǹsì ọmọ mi sì ń lọ sílé onílé.

Tí mo bá sọ òótọ́, obìnrin yìí á mọ ilé mi títí láé. Tí mi ò bá sọ ọ́, ọmọ ń lọ. Mo kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Mo ní, "Jésù, láràárọ̀ ni mò ń pè Ọ́ ní Olùṣọ́ mi, síbẹ̀ èmi ni mò ń ṣọ́ ara mi kiri. Bí O bá tóbi ju obìnrin yìí lọ, mú ẹ̀rù rẹ̀ kúrò láyà mi." Mi ò tíì ṣe àmín tán tí mo ti tún pè é.

"Sístà Bọ́lá, irọ́ ni mo pa fún ẹ. Thamesmead ni mò ń gbé."

Kò bi mí ní ìdí. Ó ní, "Nọ́ńbà mélòó, Mọ́mì?"

Áńbúláǹsì dé, òun náà sáré dé. Dókítà ní ara gbígbóná ló fa gìrì náà. Mo dúró kó dárúkọ ẹni tó fi ṣe ọmọ mi; kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo dìde jẹ́rìí, mo sọ àdírẹ́sì wa létí gbogbo ìjọ títí dórí nọ́ńbà ilẹ̀kùn. Wọ́n ń pariwo, "Ó ti tó, Mọ́mì!" Ẹ má rò pé ìfura ti tán lára mi o. Tí wọ́n bá kanlẹ̀kùn, àyà mi ṣì máa ń já. Màá pe Jésù, màá sì ṣí i. Ẹ̀yin náà tí ẹ ń sá fún àwọn ará yín nínú Olúwa, bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́la tí ẹ ò lè dìde, èwo nínú wọn ló mọ ẹnu ọ̀nà yín?