Mo Ní Mi Ò Bá Ràmọ́tá Nílé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá rí wúruwùru. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, mi ò sì lè sọ̀rọ̀ láàárín èèyàn. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi fún ọdún mẹ́ta. Sátidé tó ń bọ̀ ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Ní àdúgbò wa ní Mushin, àwọn ìyá kan dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, kí àwa tí a ò níṣẹ́ lè ríṣẹ́ kọ́. Wọ́n ra máṣíìnì ìránṣọ mẹ́rin. Wọ́n ní àwọn máa kọ́kọ́ rán ẹnì kan lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ télọ̀ kan ní Yaba, kí onítọ̀hún wá padà kọ́ àwọn yòókù. Ràmọ́tá ni wọ́n mú. Ó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ, ó sì ti bímọ méjì. Wọ́n ní bí kò bá ráyè, kí n rọ́pò rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí télọ̀ náà wá wo ẹni tó máa kọ́, wọ́n ti yí aago ìpàdé padà, Ràmọ́tá ò sì gbọ́. Màmá Alága rán mi lọ pè é.

Mo dé ẹnu ọ̀nà wọn. Ó ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú àwọn ará ilé wọn. Mo gbọ́ tí ẹnì kan bi í pé, "Ta ni wọ́n ní kó rọ́pò ẹ gan-an?"

Ràmọ́tá ní, "Ọmọ yẹn tó jẹ́ pé bí iná bá ń jó o, á kọ́kọ́ tọrọ gáfárà kó tó pariwo."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo yí padà. Mo sọ fún ìpàdé pé mi ò bá a nílé.

Kò sẹ́ni tó bi mí lẹ́ẹ̀mejì. Màmá Alága ní, "Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀, ibo ló ti máa rí irọ́ pa?" Bí wọ́n ṣe mú mi nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé ojú ló tì mí láti wọlé. Nígbà mìíràn mo mọ̀ pé iṣẹ́ náà wù mí. Ṣé méjèèjì lè jẹ́ òótọ́?

Nígbà tí mo kọ́ṣẹ́ tán, Ràmọ́tá wà lára àwọn tí mo kọ́kọ́ kọ́. Ó ní bóyá òun wà lẹ́yìnkùlé nígbà tí mo wá, pé kádàrá ni. Àǹtí ló ń pè mí báyìí, bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń pe ọ̀gá.

Sátidé ló máa gba firídọ́ọ̀mù. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: ọmọ iṣẹ́ á kúnlẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, á tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọ̀gá, kí ọ̀gá tó gbọ́wọ́ lé e lórí ṣàdúrà. Báwo ni Ràmọ́tá ṣe máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ èmi?

Bí mo bá sọ ọ́, mo máa ba ọjọ́ rẹ̀ jẹ́. Bí mi ò bá sì sọ ọ́, irú àdúrà wo ni mo fẹ́ gbà lé e lórí?

Lánàá ó wá wọn mí, torí ó fẹ́ rán aṣọ fi ta mí lọ́rẹ. Ó na téèpù yí mi láyà, ó ní, "Àǹtí mi, àyà yín ń lù kìkìkì. Ṣé kò sí?"

Mo ní kò sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ṣé kí n lọ bá a kó tó di Sátidé ni? Bí mo bá débẹ̀, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ?